Ohùn Tí Mo Gbọ́ Nínú Omi Youpwè

Bí mo bá délé ní Ìwó, ìbéèrè méjì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí. Ṣé lóòótọ́ ni òjò Dúálá kì í dá? Ṣé ọkọ mi ti wá gbọ́ Yorùbá báyìí? Mo máa ń dáhùn ti òjò. Ti ọkọ mi, ẹ̀rín ni mo máa ń rín sí i, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ gùn, omi sì wà nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn là ń sọ ọ̀rọ̀ omi fún.

Ìdílé wa ló fẹ́ wa fún ara wa. Ọmọ Ìwó ni bàbá Rasaki àti ìyá rẹ̀, àmọ́ Dúálá ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù ni wọ́n ti ṣòwò, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ilé ẹ̀kọ́ Faransé ló sì lọ. Nígbà tó tó gbéyàwó, wọ́n ránṣẹ́ sílé pé ó ń wá ọmọbìnrin tó gbọ́ Yorùbá dénú. Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ló tẹnu mọ́ ọn: bí kò bá gbọ́ Yorùbá dénú, òun kò fẹ́. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́. Mo ní, ẹ wo ọmọ tí wọ́n bí sí àjò tó ṣì ń wá ilé bàbá rẹ̀. Ó wá kí wa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, a ní onítìjú ni. Wọ́n so yìgì. Kí ọdún tó yípo, mo ti wà ní Ndogbong, àdúgbò kan ní Dúálá, nínú ilé tí mo ti ń gbọ́ òjò lórí páànù láti àárọ̀ dalẹ́.

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe ìtìjú. Yorùbá ni kò sí lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ" ló ń pe gbogbo ohun tó wà láyé. Ó ń pe ìyá rẹ̀ ní "ẹ", ó ń pe èmi ìyàwó rẹ̀ ní "ẹ", ó ń sọ fún ewúrẹ́ aládùúgbò pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde." Ọjọ́ kẹta tí mo dé, ó ti ibi iṣẹ́ wọlé, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọkọ mi ti bàjẹ́." Mo fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá rẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ìyàwó, má dá a lóhùn," ó ní. "Ọkọ̀ ló ń wí."

Ìyá kì í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Rasaki nígbà tí bàbá rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kó ọjà ní Nàìjíríà, tí ọkọ̀ náà kò sì dé èbúté kankan. Wọn kò rí òkú, wọn kò rí ẹrù. Ìyá kò gbà pé ó kú. Kò ṣe opó, kò jẹ́ kí wọ́n kírun sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní olóògbé, á dìde kúrò níbẹ̀. "Ó lọ sí ìrìn àjò," ni yóò wí. Àwọn ará Ìwó tó wà ní Dúálá ti mọ̀, wọn kì í dárúkọ ọkùnrin náà níwájú rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà yẹn ló ti gbé Yorùbá tì. Faransé ọjà àti pijin ló fi tọ́ ọmọ rẹ̀. Èmi tí mo dé ni mo jẹ́ kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

Aṣọ ni mo ń rán. Rasaki gba ìsọ̀ kékeré kan fún mi létí ọjà, ó ra ẹ̀rọ ìránṣọ síbẹ̀. Oníbàárà mi àkọ́kọ́ sọ̀rọ̀ títí lédè Faransé, èmi ń mi orí bí aláǹgbá. Ẹ̀wù tí mo rán fún un tóbi débi pé òun àti àbúrò rẹ̀ lè jọ wọ̀ ọ́. Ó pariwo lé mi lórí, n kò mọ ohun tó ń wí, mo ń sọ pé "merci" fún un. Ọjọ́ tí mo wá bá awakọ̀ takisí jà lédè Faransé fún ìgbà àkọ́kọ́, tó sì gbà pé mo jàre, orí mi wú. Mo pe màmá mi láti fi yangàn.

"Kí lo sọ fún un?" Màmá bi mí.

"Mo ní kó bẹ̀rù Ọlọ́run."

"Wọ́n ní Ọlọ́run lédè yẹn?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo sì pa fóònù kó má baà gbọ́ pé ẹkún ti dà pọ̀ mọ́ ọn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nípa àjò ni pé ebi etí wà. Ikùn á yó, ọrùn á ní aṣọ, etí á máa pebi. Nígbà míì mo máa ń lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn oníṣòwò wa nínú ọjà láì ra nǹkan kan, kí n kàn lè gbọ́ ẹni tó ń bú ẹlòmíràn ní Yorùbá. Èébú náà á dùn mọ́ mi bí oríkì. Màá wá padà sílé, èmi àti ọkọ mi á jókòó síwájú oúnjẹ bí èrò méjì tí ọkọ̀ kan gbé. À ń sún fún ara wa, à ń ṣe pẹ̀lẹ́ fún ara wa, kálukú ń wo fèrèsé tirẹ̀.

Ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, tí wọn kì í ṣiṣẹ́ ní èbúté níbi tó ti ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde, Rasaki á jáde láàárọ̀. Kí oòrùn tó mú, á wọlé, irun orí rẹ̀ á tutù. Kò sọ ibi tó lọ. N kò bi í. Màmá mi ni mo sọ fún lórí fóònù. 

"Ọkùnrin tó bá ń wẹ̀ níta," ó ní, "ẹnìkan ló ń bá a mú ọṣẹ dání."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sinmi. Nígbà tí Sọ́ńdè tún dé, mo dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Ta ni ẹ ń lọ wẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀?"

Ó wò mí. Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín rẹ̀ tán nìyẹn.

"Ẹ wá," ó ní. "Ẹ wá rí."

*

Ní Youpwè, ọjà ẹja etí omi ní Dúálá, èéfín ẹja ló kọ́kọ́ ń kí èèyàn. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Mami Ester, tó ń yan ẹja létí omi, ló ni ọkọ̀ kékeré alájẹ̀ tí Rasaki máa ń yá. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Na you be the wife?" ó ní. "Ashia."

Ohun tí wọ́n fi ń kíni níbẹ̀ ni ashia, òun kan náà ni wọ́n fi ń bá ẹni tí ọ̀ràn bá kẹ́dùn. Mo rò pé ó kí mi ni.

Rasaki tu ọkọ̀ náà gba àárín àwọn igi tí gbòǹgbò wọn dúró nínú omi bí ìka ọwọ́. Ariwo ọjà ẹja dín kù, ó tán. Níkẹyìn a yọ sí ibì kan tó là gbayawu, tí omi rẹ̀ pọ́n bí tíì tí kò ní mílíìkì. Iyanrìn wà létí rẹ̀ tí èèyàn lè dúró lé. Níwájú díẹ̀, iyanrìn náà á já kulẹ̀ lójijì, omi á jìn. Ẹyẹ kan kò bà lórí igi ibẹ̀. Mo ṣàkíyèsí rẹ̀, n kò sọ ọ́.

Rasaki bọ́ sómi. Lórí ilẹ̀, ọkùnrin náà máa ń ká èjìká mọ́ra bí ẹni tó ń gba ẹnu ọ̀nà tóóró kọjá. Nínú omi, ó gbòòrò. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo ń wò ó, mo sì mọ̀ pé n kò tíì rí ọkọ mi rí títí di àárọ̀ yẹn.

"Ẹ wá," ó ní. "Ẹ sùn sórí omi. Ọwọ́ mi wà."

Èmi tí wọn kò jẹ́ kí n dé etí odò rí nílé! Mo wọ ṣòkòtò àti ẹ̀wù gígùn, mo ta ìbòrí mi ní kókó mẹ́ta. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi kúrò nílẹ̀, mo di ọkùnrin náà lọ́rùn mú, mo fi èékánná ya á lẹ́yìn ọrùn débi tí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Kò pariwo. Ó dúró títí mo fi mí. "Laisse-toi aller," ó ní. Mo ti gbọ́ Faransé tó láti mọ̀ pé ó ní kí n fi ara mi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn láti sọ, tó ṣòro láti ṣe fún obìnrin tí kò mọ ẹni tó fẹ́ òun.

A lọ ní Sọ́ńdè kejì, a lọ ní ẹ̀kẹta. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀yìn mi fi mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Nílé, a jọ ń sùn lórí ibùsùn kan, àmọ́ ojúmọmọ kò tíì rí ọwọ́ rẹ̀ lára mi rí. Nínú omi, ó rí i. Inú omi náà ló ti sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ fún mi, nítorí pé ilé kò gbà á: bí òun kò ṣe rántí ojú rẹ̀, bí òun kò ṣe rántí ohùn rẹ̀, bí ìyá òun kò ṣe jẹ́ kí òun bèèrè. Ó ń sọ ọ́ ní Faransé, ó ń fi Yorùbá rẹ̀ tó já wẹ́wẹ́ há a láàárín, mo sì ń gbọ́. Mo dá àwọn ìtàn tèmi náà padà fún un. Nígbà míì, a kàn máa ń dì mọ́ ara wa nínú omi, a kì í sọ ohunkóhun.

Nígbà tí etí méjèèjì bá wọ inú omi, ayé á yí padà. Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ àwọn ọkọ̀ ńlá láti èbúté lọ́hùn-ún, bí ẹni tó ń kùn lójú oorun. Mo ń gbọ́ nǹkan wẹ́wẹ́ tó ń ta pẹ́pẹ́pẹ́ bí iná orí igi gbígbẹ. Ní ọjọ́ tí Rasaki kọ́kọ́ yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lẹ́yìn mi, tí mo sì léfòó fúnra mi, mo gbọ́ nǹkan mìíràn.

"Àwẹ̀ró."

Kò ti apá ọ̀tún wá, kò ti apá òsì wá. Ó dà bíi pé ẹ̀yìn eyín mi ló ti ń sọ̀rọ̀. Oríkì mi ni Àwẹ̀ró, ẹni tí a wẹ̀ tí a sì ró láṣọ. Ìyá àgbà tó tọ́ mi nìkan ló máa ń pè mí bẹ́ẹ̀, ó sì ti kú kí n tó parí ilé ẹ̀kọ́. Mo yíjú sí Rasaki. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó pa ẹnu dé.

Mo ní, áà, ọkùnrin yìí! Ó ti pe màmá mi lórí fóònù, ó ti bi í léèrè oríkì mi, ó ti dán an wò títí ó fi mọ̀ ọ́n pè. Wọ́n kọ́ wa nílé pé èèyàn kì í jẹ́ ìpè tí kò bá rí ẹni tó pè é, àmọ́ mo rí ẹni tó pè mí. Mo dá a lóhùn nínú ọkàn mi.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sọ́ńdè ni mo ń gbọ́ ọ. "Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró, ọmọ mi." N kò bá a sọ ọ́. Mo fi í pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń lá àádùn láìfẹ́ kó tán. Nítorí ìpè yẹn ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn rẹ̀ lórí ilẹ̀, tí mo ń gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní èbúté, tí mo ń bá a ṣeré. Ohun kan ṣoṣo ni kò yé mi. Bí mo bá ti omi dé, tí mo tú ìbòrí mi láti sá a, òórùn omi kọ́ ló máa ń wà lára rẹ̀. Òórùn káńfọ̀ ni, irú èyí tí ìyá àgbà máa ń fi sínú àpótí aṣọ.

*

Ọ̀sán Sátidé kan ni ọ̀rọ̀ náà tú. Mo ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀, Rasaki wá dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń jí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ. Ayọ̀ kún inú mi. Mo ní, "Kí ló dé tó jẹ́ pé inú omi nìkan lẹ ti ń pe oríkì mi? Ẹ pè mí níbí."

"Ori… kí?"

"Àwẹ̀ró."

"C'est quoi, Awero?" Ó ń bi mí pé kí ni ìyẹn.

Mo rò pé eré ló ń ṣe. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé kì í ṣe eré, mo sì sọ ìpè tí mo ń gbọ́ nínú omi fún un. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń jóná, ẹnikẹ́ni nínú wa kò yí i. Ohùn rẹ̀ wá wálẹ̀.

"Ohùn ọkùnrin? Tàbí obìnrin?"

Ìgbà tó bi mí ni mo tó dá ara mi lóhùn òótọ́. Ohùn obìnrin ni. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti jẹ́ ohùn obìnrin, èmi ni mo fi agídí sọ ọ́ di ti ọkọ mi.

Rasaki fara ti ògiri. Ó ní òun náà ń gbọ́ ohùn, ti ọkùnrin ni tirẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣe ọ̀dọ́ ni òun ti ń gbọ́ ọ níbẹ̀, Yorùbá ló ń sọ, òun kò sì gbọ́ ohun tó ń wí. Ta ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe bàbá òun? Kò lè bi Ìyá. Ó há ìró ọ̀rọ̀ náà sórí bí ọmọ kéwú ṣe ń há ohun tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ó pa ojú dé, ó kà á fún mi, láì gbé ohùn sókè, láì gbé e sílẹ̀:

"Sun mo bi. Sun mo bi die si. Ese re o ni kan ile."

Mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ bí ìró lásán. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ náà tò nínú etí mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ara mi sì ṣe gììrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. *Sún mọ́ bí. Sún mọ́ bí díẹ̀ sí i. Ẹsẹ̀ rẹ ò ní kan ilẹ̀.*

"Qu'est-ce qu'il dit?" ó bi mí. Ojú rẹ̀ dà bí ti ọmọ ọdún mẹ́rin.

Mo sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un. Mo rò pé ẹ̀rù á bà á. Ayọ̀ ló bò ó. "Ó ní kí n sún?" ó ní. "Ó wà nítòsí? Il m'appelle! Ó ń pè mí!" Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ní èdè méjì. Inú ọpẹ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ kan ti yé mi.

"Ìdí tí ẹ fi ní dandan ni kí ìyàwó yín gbọ́ Yorùbá dénú nìyí," mo ní. "Ògbufọ̀ lẹ ń wá."

Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ì bá parọ́, ì bá rọrùn fún mi.

"Ní àkọ́kọ́," ó ní.

Mo pa iná, mo kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Sọ́ńdè, ó wá dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ó ń wò mí. Mo kọjú sí ògiri. Ó lọ nìkan.

Màmá mi pè láàárọ̀ yẹn. Ó bèèrè bóyá ara mi le, mo ní ara mi le. Ó bèèrè ọkọ mi, mo ní ó lọ wẹ̀. "Kò tíì jáwọ́!" ó ní. Mo pa fóònù. Mo bọ́ síta, mo lọ jókòó ti Ìyá tó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Mo bu díẹ̀ sínú àwo tèmi. Ọ̀rọ̀ náà kò lè dúró nínú mi mọ́.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Báwo ni ohùn Bàbá ṣe rí?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo rò pé á dìde gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Kò dìde. Ó ń wo ẹ̀gúsí tó wà láàárín ìka rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀.

"Ohùn wo?" ó ní. "Akólòlò ni! Wọn ò sọ fún ẹ nílé? Kó tó pe orúkọ mi, 'Sàrátù', tán, omi á ti hó. Á máa fọwọ́ gbá itan. Sà-sà-sà… Ọjọ́ tó wá sọ fún bàbá mi pé òun fẹ́ fẹ́ mi, bàbá mi sùn lọ kó tó dé ìdí ọ̀rọ̀."

"Kò sí ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ja geere?"

"Láyé!"

Àwo bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ibi tí ọmọ rẹ̀ ń lọ, ohùn tó ń gbọ́, bí ohùn náà ṣe ń ja geere láìkọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ohun tó ní kó wá ṣe. Ó gbọ́ ọ tán láì pariwo. Ojú rẹ̀ ti gbẹ pátápátá.

"Lọ mú ọmọ mi wá," ó ní. "Bí wọ́n bá pè ọ́ lọ́nà, má jẹ́ ẹ."

*

Ọ̀kadà ni mo gùn dé Youpwè. Mami Ester rí mi, kò bèèrè ohunkóhun. "Water di go down," ó ní, òkun ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ó yá ọkọ̀ aládùúgbò rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló tù mí gba àárín igi. Nígbà tí a dé ibi tí omi ti là, ó fi àjẹ̀ kanlẹ̀.

"Me I no di pass here."

Mo bọ́ sílẹ̀, omi mù mí dé ìbàdí. Ọkọ̀ tí Rasaki yá wà níbẹ̀, ó so ó mọ́ gbòǹgbò igi. Òun fúnra rẹ̀ ti jìnnà. Ó dùbúlẹ̀ sójú omi, ó na ọwọ́ méjèèjì, etí rẹ̀ wà nínú omi, òkun sì ń fà á lọ jẹ́jẹ́ sí ibi tí omi ti dúdú.

Mo pè é. Kò gbọ́. Mo rìn títí iyanrìn fi tán lábẹ́ mi, mo sì fi ara mi sílẹ̀. Kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn mi. Mo ń gbá omi bí ajá, mo ń gbé e mì, àmọ́ mo ń lọ.

"Àwẹ̀ró."

Ohùn ìyá àgbà ni, kò sí iyèméjì. Apá òsì ló ti wá lọ́tẹ̀ yìí. "Àwẹ̀ró, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun? Ó ti rẹ̀ ọ́. Yà síbí, omi ibí lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́."

Mo mọ̀ pé ìyá àgbà ti kú. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n fi aṣọ funfun ró o. Ẹ̀rù ì bá bà mí. Kò bà mí, ìyẹn ni ohun tó ń bà mí lẹ́rù títí di òní. Láti ìgbà tí mo ti fi ilé sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí bóyá mo ti jẹun ní irú ohùn yẹn. Ara mi yí síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó rọrùn gan-an ni. Omi náà lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́ lóòótọ́, ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀, kò sì dà bí ohun tó burú.

"Áwéro! Áwéro!"

Rasaki ni. Bóyá omi tí mo ń gbá ló jí i, n kò mọ̀; ó ti gbé orí sókè, ó rí ibi tí mo kọjú sí, ó sì ń fi gbogbo agbára rẹ̀ pe orúkọ tí mo kọ́ ọ nílé ìdáná. Gbogbo rẹ̀ ló ṣì pè. Kò sí ibì kan tó bọ́ sí nínú rẹ̀. Ohùn kejì tún pè mí lápá òsì, láìṣe àṣìṣe kankan, ó dùn bí ọjọ́ ọdún. Mo yí ẹ̀yìn sí i. Mo kọjú sí èyí tó ṣì í pè.

A pàdé níbi tí ilẹ̀ kò sí fún àwa méjèèjì. Mo di aṣọ rẹ̀ mú, mo pariwo sí i létí, "Bàbá rẹ, akólòlò ni!" N kò tíì pe ọkọ mi ní "ìwọ" rí. Kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà! Ní àárín omi yẹn, pẹ̀lú èémí tí kò tó nǹkan, mo ní láti ṣe é fún un: mo gbá itan mi lábẹ́ omi, mo ní, "Sà-sà-sà-Sàrátù! Bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn! Ìyá ló wí!"

Ojú rẹ̀ yípo. "Il bégayait?" ó ní, ṣé ó ń kólòlò ni.

Ó tẹ etí kan sínú omi. Mo wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń gbọ́. Mo mọ ohun tó ń gbọ́: ohùn tó ń ṣàn bí ti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, tí kò kọsẹ̀, tí kò gbá itan. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó wá gbé orí rẹ̀ sókè, omi ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Ce n'est pas lui," ó ní. "Kì í ṣe òun."

A padà, èjìká sí èjìká, òkun ń fà wá sẹ́yìn. Bí apá mi bá kọ̀, á fi ọwọ́ ti ẹ̀yìn mi. Bó bá dúró láti wẹ̀yìn, màá fa aṣọ rẹ̀. Ohùn náà kò dákẹ́. Ó ń pè wá ní gbogbo orúkọ tí wọ́n ti pè wá rí, ó ń fi ohùn àwọn tó ti kú pè, ó sì fi ohùn màmá mi tó wà láàyè pè mí lẹ́ẹ̀kan. A kò jẹ́ ẹ. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi kan iyanrìn, mo wólẹ̀, mo sì fi ẹnu kan ilẹ̀ Kamẹrúùnù.

*

Nínú ọkọ̀, Rasaki sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Òótọ́ sì ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún un ni. Ohùn kan ṣoṣo tó ní ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò mọ ohun tó wà nínú omi yẹn, n kò sì wádìí. Mo kàn mọ̀ pé ohun tí etí wa ń pebi fún ló fi ń dẹ wá. Ẹni tó wà lájò gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ohun tó bá dùn jù, tó bá dà bí ilé jù. Ilé tòótọ́ kì í sábà pe orúkọ èèyàn láìṣì í. Ó máa ń ṣì wá pè, á bi wá nínú, á tún pè wá.

Ìyá dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Ó di ọmọ rẹ̀ mú, ó gbóòórùn orí rẹ̀, ó sì wọlé lọ. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ránṣẹ́ sí àwọn àgbà Ìwó ní mọ́ṣáláṣí, pé kí wọ́n kírun sí ọkọ òun. Wọ́n kírun fún ẹni tí a kò rí òkú rẹ̀. Rasaki dúró ní sàfù iwájú. Nígbà tí imáàmù dárúkọ bàbá rẹ̀, tó pè é ní olóògbé, Ìyá kò dìde. Mo gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ṣe àmín.

A kò lọ sí ibi omi náà mọ́. Bí ààyè bá wà, a máa ń lọ sí Kribi, níbi tí ìgbì òkun ti ń pariwo débi tí èèyàn kò lè gbọ́ ohunkóhun àyàfi ẹni tó dì mọ́ ọn. Mo ti mọ̀ ọ́n wẹ̀ báyìí ju bí mo ṣe mọ Faransé lọ. Mo tún ń pe Rasaki ní "ẹ" níwájú àwọn èèyàn. Nínú omi, "ìwọ" ni.

Ó ń kọ́ Yorùbá lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó ṣòro fún un, ó ti dàgbà kó tó bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, á jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ Ìyá, á ní kó sọ̀rọ̀ Bàbá fún òun. Ìyá kì í kàn sọ ọ́, á ṣe é: bí ọkùnrin náà ṣe ń ná ọjà, bó ṣe ń bínú, bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń há sí i lọ́fun tí àwọn oníbàárà á sì bá a parí rẹ̀. Rasaki á sín in jẹ. Ìyá á ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kó tún un ṣe, kó jẹ́ kó há dáadáa kó tó jáde. "Bó pẹ́ bó yá," á wí, "akólòlò á pe bàbá."

Mo máa ń fi aṣọ tí mo ń rán sílẹ̀ nínú yàrá láti gbọ́ wọn. Ìyá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, àwọn méjèèjì ń kólòlò, wọ́n ń gbá itan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ kò sì jáde tán lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú wọn. N kò tíì gbọ́ Yorùbá tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.